Apá Kẹta Tí Gbogbo Ilé Ń Sá Fún

Igba náírà ó lé àádọ́ta ni mò ń ta ẹyin ẹyọ kan báyìí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ bá adìẹ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan wá ra mẹ́rin ní ìsọ̀ mi ní Bàrígà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú ẹ̀ ò kúrò lára fóònù, àfi ìgbà tí ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó fọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Kí lò ń wò tí ojú ẹ ò fi rí ẹyin?" Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, fíìmù ni. Àwọn ẹ̀rọ ló fẹ́ gba ayé lọ́wọ́ èèyàn. Apá kẹta rèé, ibẹ̀ ló parí sí." Mo gba owó ẹyin tó fọ́, torí èmi kọ́ ni ìyá ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Mo kàn jókòó, mo ń wo pupa ẹyin tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ọmọ yẹn rò pé apá kẹta fíìmù jẹ́ nǹkan tí èèyàn ń wò nígbà tó bá ń ra ẹyin. Èmi ti rí èyí tó mú odidi ilé mì.

Ilé Àlàájà là ń gbé nígbà yẹn, ní ìsàlẹ̀ Bàrígà tó sún mọ́ ọ̀sà, níbi tó jẹ́ pé tí o bá fa atẹ́gùn símú lówùúrọ̀, wàá ti mọ̀ bóyá àwọn ará Ìlàjẹ rí ẹja pa tàbí ọ̀sà yínmú sí wọn. Yàrá ń wo yàrá lójú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wà láàárín, kò sì sí ohun tí ẹnì kan ń ṣe tí ẹnì kejì ò gbọ́. Tí sítóófù bá ń ṣe fùùù, a mọ yàrá tó ti wá, a sì mọ̀ bóyá ẹran wà nínú ìkòkò tó wà lórí ẹ̀. Tí gárawá bá já lu omi kànga, a mọ ẹni tí okùn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ látinú èébú tó bá tẹ̀ lé e. Àlàájà tó ni ilé kì í pariwo ní tiwọn. Wọ́n á kírun àárọ̀ tán, wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé kí ẹni tí ilẹ̀ gbígbá kàn dìde. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, orúkọ ẹ ni wọ́n máa pè, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ọ̀lẹ ni ẹ́. Orúkọ tèmi, Bísí, ni wọ́n pè jù lọ láyé yẹn. Ìyá mi ń ta ẹ̀wà sísè níwájú ilé, ẹnu wọn sì mú ju ata tí wọ́n ń dà lé e lórí lọ. Ẹnu yẹn ni mo jogún, torí pé owó kò sí nílẹ̀ láti jogún.

Bàbá mi ń bá wọn gé ìwé ní Ṣómólú, ní àdúgbò tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ ju aláǹgbá lọ. Ariwo ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá du ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́, torí náà ohùn wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá ní ká fún wọn ní iyọ̀, àlejò á rò pé ilé ló ń jó. Nígbà tí ọ̀gá wọn kan ń kó lọ sí ìlú òyìnbó, ó fi tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ fídíò ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, bí yàrá wa ṣe di ilé sinimá nìyẹn. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn ará ilé á gbé àpótí wọn wá, ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àgbà á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá mi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn bíi wòlíì, wọ́n á máa fi Yorùbá sọ ohun tí òyìnbó ń wí fún wa. Ẹ má bi mí léèrè bí Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe tó. Òyìnbó lè sọ̀rọ̀ títí kí itọ́ tán lẹ́nu ẹ̀, bàbá mi á ní, "Ó ní ebi ń pa òun." Òyìnbó mìíràn á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bàbá mi á wá rò fún wa bí ìyàwó rẹ̀ ṣe kọ̀ ọ́, ohun tí àna rẹ̀ sọ, àti ìdí tí èèyàn ò fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn hàn án. Bọ̀dá Láńre, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Palmgrove tó sì ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbogbo wa. Ó máa ń dí ẹnu ẹ̀ mú, èjìká ẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Bàbá mi á ní, "Láńre, ṣé ìwọ ló fẹ́ bá wa túmọ̀ ẹ̀ ni?" Á ní, "Rárá o, sà." "Ó dáa. Jókòó jẹ́ẹ́." Ó ti gbìyànjú ẹ̀ rí lọ́jọ́ kan. Ohun tí òyìnbó sọ gan-an ló ń sọ, ni oorun bá gbé gbogbo ilé lọ.

Fíìmù kan wá dé tó bo gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Apá mẹ́ta ló ní. Wọ́n ní ayé kan wà tí àwọn katapílà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, wọ́n ń mu gbogbo odò gbẹ, ilẹ̀ di kìkì yanrìn, àwọn èèyàn wá ń gbé inú páìpù bí eku. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí igi ìṣáná, ló dìde pé òun máa gba omi padà. Ní apá kìíní, wọ́n bi í pé kí lorúkọ ẹ̀, ó sì dárúkọ kan tó gùn, tí ahọ́n bàbá mi ò lè gbé. Bàbá mi wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, ojú wọn bọ́ sórí Àlàájà, wọ́n sì ní, "Ó ní Múfú lorúkọ òun." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a wo Àlàájà tí a rí i pé wọn ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ wa lẹ́nu. Wọn ò bínú o. Wọ́n kàn fa àpótí wọn sún mọ́ tẹlifíṣàn ni.

Múfú lorúkọ ọmọ Àlàájà, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ́kùnrin. Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà pé òun ń lọ sókè òkun, láti ìgbà náà, kò sí ìró. Mo kéré nígbà tó lọ. Bó ṣe máa ń fi ìka méjì súfèé láti ẹnu ọ̀nà, kí ìyá ẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti dé, nìkan ni mo rántí. Lẹ́yìn tó lọ tí kò sí ìròyìn, orúkọ ẹ̀ di nǹkan tí gbogbo ilé ń gbé mì. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ nǹkan tó ṣe rí, wọ́n á ní "ìgbà yẹn," wọ́n á sì wo ilẹ̀. Wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹnu bàbá mi ṣèèṣì sọ ọ́ síta, nínú ariwo katapílà, Àlàájà wá sọ́dọ̀ ìyá mi nírọ̀lẹ́, wọ́n ní kí wọ́n bu ẹ̀wà fún àwọn, kí epo ẹ̀ pọ̀. Obìnrin tó ti ń fi omi gààrí tan ara wọn jẹ láti ọjọ́ pípẹ́! Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fi búrẹ́dì nu àwo. Nọ́ọ̀sì tó ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, tó ti ń kì wá nílọ̀ pé ká má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohunkóhun tó máa já wọn láyà, wá lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní kí ni wọ́n lò, tí ara wọn fi balẹ̀ báyìí. Ìyá mi ní, "Katapílà ni." Nọ́ọ̀sì rò pé egbòogi ni.

Ṣé ẹ wá rí i pé bàbá mi ò lè yí orúkọ náà padà mọ́? Ní apá kejì, ọmọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ kọjá, agolo omi kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, yanrìn ń fẹ́ lù ú. Nígbà tí apá náà fẹ́ parí, ọmọkùnrin náà dúró, ó kàn ń wo ọ̀ọ́kán. Bàbá mi ní, "Ó ní kí wọ́n sọ fún ìyá òun pé kí wọ́n má ti ìlẹ̀kùn. Òun ń bọ̀."

Bọ̀dá Láńre ò lè mú un mọ́ra. "Bàbá Bísí, ẹnu ẹ̀ ò tiẹ̀ là!"

Ìyá mi dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Inú ló fi sọ ọ́. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ lèèyàn ń fi ẹnu sọ?"

Láti ọjọ́ yẹn ni Àlàájà ti ń béèrè apá kẹta. Tí bàbá mi bá ń jáde lọ sí Ṣómólú láàárọ̀, wọ́n á ní, "Bàbá Bísí, apá kẹta ń kọ́?" Tí wọ́n bá dé lálẹ́, wọ́n á tún ní, "Wọn ò tíì gbé e dé?" Bàbá mi á ní ó wà lọ́nà. Wọ́n á ní, "Ó pẹ́ lọ́nà o," wọ́n á sì padà sídìí tẹ̀sùbáà wọn. Èmi náà ń parọ́ báyìí, mò ń sọ lójoojúmọ́ pé adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin mi ni. Oníbàárà mọ̀, èmi náà mọ̀, a jọ ń ṣe é ni. Irọ́ tó ń dá èèyàn lóró ni èyí tí o ò mọ̀ bóyá ẹni tí ò ń pa á fún mọ̀.

Bọ̀dá Láńre ló gbé ìròyìn dé. Ó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ yàrá wa láìbọ́ bàtà, táì ẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́. Ó ní, "Ó kú."

Ìyá mi ní, "Ta ló kú?"

"Múfú."

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi sínú ọbẹ̀. "Yéè! Ta ló mú ìròyìn wá?"

"Múfú inú fíìmù. Mo wo apá kẹta nílé ọ̀rẹ́ mi ní Palmgrove. Ó kú níparí ẹ̀, ikú gidi, kò jí mọ́."

Ìyá mi na ọwọ́ tó kún fún ẹ̀bà sí i. "Láńre, Ọlọ́run ló yọ ẹ́. Ọbẹ̀ gbígbóná yìí ni mi ò bá fi kí ẹ káàbọ̀." Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti fọ ọwọ́. Mi ò rí i rí kí wọ́n fọ ọwọ́ nígbà tí ẹ̀bà ṣì wà nínú àwo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo gbọ́ tí wọ́n fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Fíìmù ni. Àlàájà mọ̀ pé fíìmù ni."

"Ṣé wọ́n mọ̀?" Bọ̀dá Láńre jókòó. "Lánàá, wọ́n bi mí bóyá òtútù máa ń mú èèyàn nínú páìpù. Bàbá Bísí, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ fi orúkọ ọmọ wọn pe ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ sọ fún wọn pé eré lẹ fi ṣe."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe pé mo tún gbé ọmọ wọn sọnù lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ kí wọ́n wò ó tó kú lójú wọn ń kọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ ni?"

A gbọ́ tí Àlàájà wúkọ́ ní yàrá wọn níwájú, gbogbo wa sì dákẹ́ bí olè. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, tí gbogbo ilé àfi Àlàájà sì gbọ́, ni pé apá kẹta ò ní dé. Ọkọ̀ òkun tó ń gbé e bọ̀ ti bà jẹ́. Òyìnbó tó ń ṣe é ń ṣàìsàn. Gbogbo irọ́ tó bá ti wà nílẹ̀ ni kí wọ́n kó síbẹ̀. Ìyá mi dojú ṣíbí ẹ̀wà kọ mí ní imú. "Ìwọ Bísí, tí ẹnu ẹ bá ṣe pẹ́rẹ́n, ṣíbí yìí ni wàá fi sùn."

Bí ẹ̀rù ṣe wọ ilé wa nìyẹn. Ẹ̀rù ọ̀hún ò ní ìró. Mo rò pé ìdí tí mo fi rántí ẹ̀ nìyẹn, torí ó pa àwọn ìró tó kù. Àwọn obìnrin ò bú ara wọn nídìí kànga mọ́, kí wọ́n má baà ṣèèṣì já ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ìbínú. Tí Àlàájà bá yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ á gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Àwọn ọmọ àdúgbò ló wá fẹ́ pa wá. Wọ́n ti wo apá kẹta níbòmíràn, ni wọ́n bá ń fi ṣeré lójúde wa gan-an: ọ̀kan á ṣe katapílà, ọ̀kan á na ọwọ́ méjèèjì, á ṣubú lulẹ̀, á ní, "Mo ti kú! Omi ti dé!" Bàbá mi ní kí n máa lé wọn. Mò ń ju òkò lu òkú lójoojúmọ́, òkú ń dìde, ó ń bú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àlàájà jáde. Wọ́n ní àwọn ń lọ na ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti ẹnu ọ̀nà wá tààrà sí yàrá wa, bàbá mi wà nílé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n sì yọ kásẹ́ẹ̀tì kan jáde lábẹ́ ẹ̀. Àwòrán katapílà wà lára páálí ẹ̀. "Bàbá Bísí, apá kẹta rèé. Ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń fi fídíò ṣe háyà lọ́nà ọjà ni mo ti gbà á. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti dé." Wọ́n wo ojú bàbá mi dáadáa. "Mo gbà á di ọ̀la, ọjọ́ Àìkú. Tí a bá ti kírun Alásàrì tán, kí o tò wá jókòó."

Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun, mà." Kí ni wọn ì bá tún sọ?

Ní gbogbo òru, mò ń gbọ́ tí bàbá àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Bàbá mi ní àwọn á ní katapílà jẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n wá fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìyá mi á jókòó síbi tí wọ́n ti ń ki iná bọ ara ògiri. Tó bá ti kù díẹ̀ kí ọmọkùnrin náà kú, bàbá mi á ní, "Ẹ rọra o," ìyá mi á fa wáyà yọ, wọ́n á ní iná ti lọ. Lẹ́yìn náà, bàbá mi á fi ẹnu parí ẹ̀ bó ṣe wù wọ́n: omi á padà, Múfú á gbé ìyàwó, á sì máa bọ̀ wálé. Mo sùn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ó dà bí ohun tó máa ṣeé ṣe.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé iná kì í dúró ní Bàrígà láyé yẹn. A máa ń gbàdúrà kí ó má lọ títí tí fíìmù á fi parí, ìdajì fíìmù ló sì máa ń bá a lọ. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, gbogbo ilé ń gbàdúrà kí iná lọ. Mo rí obìnrin kan tó ń fi rósárì bẹ̀bẹ̀. Iná dúró gangan! Kò ṣẹ́jú! Ó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fáànù ń yí bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iná ní etí, ohun tó bá gbọ́ ni kì í ṣe.

Yàrá kún dé ẹnu ọ̀nà. Àlàájà jókòó síwájú pátápátá, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, ìyẹn gan-an ti tó kó jìnnìjìnnì báni. Bàbá mi ń túmọ̀. Wọ́n ti gbàgbé àwàdà. Ní apá kẹta yìí, ọmọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn katapílà, irin kan tó ga bí ilé, iná àwọ̀ ìyeyè kan ṣoṣo ni ojú ẹ̀. Inú irin yẹn ni gbogbo omi ayé wà. Ẹni tó bá máa tú u sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀, kò sì sí ọ̀nà àbájáde. Bọ̀dá Láńre dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ èékánná. Mo wo ìyá mi, ọwọ́ wọn ti wà lára wáyà. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí gun irin.

Bí bàbá mi ṣe la ẹnu láti ní "Ẹ rọra o" ni Àlàájà sọ̀rọ̀, láìyí ojú kúrò lára tẹlifíṣàn. "Ìyá Bísí, fi iná sílẹ̀. Wá jókòó tì mí."

Ìyá mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu wọn, dìde bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájà. Àlàájà di ọwọ́ wọn mú. Wáyà wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀ mọ́. Ọmọkùnrin náà wọ inú irin. Irin ké, ó ya, omi tú jáde, ó ń ru, ó ń gba orí yanrìn lọ. Omi gbé e jáde pẹ̀lú, ó tẹ́ ẹ sórí yanrìn, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì nà, ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Omi ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kàn án lẹ́sẹ̀. Kò mira.

Bàbá mi ní, "Ó... ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń sinmi."

Àlàájà ní, "Bàbá Bísí."

"Mà?"

"Kí lo rí níbẹ̀ yẹn? Sọ ohun tí o rí."

Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi wo ilẹ̀. Bọ̀dá Láńre ti la ẹnu lẹ́nu ọ̀nà, ó tún pa á dé. Òógùn ń ṣàn sílẹ̀ létí bàbá mi bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n gun irin. Wọ́n ní, "Àlàájà, ó ti kú."

"Ta ló kú?"

Bàbá mi ní, "Múfú ti kú, mà."

Àlàájà mi orí. "Múfú ti kú. O ṣeun." Omi ti dé àyà ọmọkùnrin náà lórí tẹlifíṣàn. "Òùngbẹ ló pa tèmi. Nínú aṣálẹ̀ níbẹ̀ yẹn, omi tán lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ lọ ló padà dé, ó wá bá mi nídìí kànga, ó sọ ọ́ fún mi, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́. Bàbá Bísí, kí o tó gbé fíìmù yìí dé rárá ni."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, Àlàájà? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ ọ́ kí ẹ wá ṣe kí ni? Òkú ọ̀dọ́ ni, òkú ọ̀fọ̀. Ẹ ó kí mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́, ẹ ó ní kí n má sunkún, pé ìyá kì í sunkún ọmọ. Ẹ ó sì dákẹ́. Ẹ kò ní dárúkọ ọmọ mi mọ́ nínú ilé tí mo bí i sí. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn?" Wọn ò pariwo o. "Ọkùnrin yìí nìkan ló ń pè é. Lọ́jọ́ Àìkú, á ní Múfú jẹun, Múfú sáré, Múfú ń bọ̀. Mo ní kí ó máa pè é. Àmọ́ mo mọ̀ pé ohun tó bá ní apá kìíní á ní ìkẹyìn. Ọmọ tó ń fi fídíò ṣe háyà ti sọ fún mi pé ó máa kú. Ìdí tí mo fi gbà á nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí mo ti máa sunkún ọmọ mi."

Àgbà máa ń ní ọmọ tó kú sàn ju ọmọ tó nù lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn tó pọ̀, mo sì máa ń rò pé ẹni tí kò bímọ ló dá a sílẹ̀. Lọ́sàn-án yẹn, mo rí obìnrin kan tí ọmọ ẹ̀ ti kú, tó sì ń ṣe bíi pé ó nù, torí pé àwa kò ní fún un láyè láti ṣe òmíràn. Àlàájà fi orí lé èjìká ìyá mi, wọ́n ké. Ìyá mi náà ké. Bàbá mi, ọkùnrin olóhùn gooro, jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé, wọ́n fi fìlà bo ojú. Bọ̀dá Láńre bọ́ bàtà ẹ̀ kó tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí Àlàájà má sunkún. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ẹni náà, ó ní, "Ẹ rántí bí Múfú ṣe máa ń súfèé?" Ni ẹlòmíràn bá tún sọ tiẹ̀, ti àkókò tó já sínú kànga tó sì ń kọrin níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a sunkún, omi sì bo ọmọ òyìnbó náà mọ́lẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó.

Ẹ̀rù ṣì ń bà wá títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Èmi ni mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, tí mò ń gbọ́ bóyá ìkọ́ máa dún. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì pariwo orúkọ mi. Mi ò fi inú dídùn gbálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ò burú. Ìkíni wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá láti Bàrígà, wọ́n wá láti Ṣómólú, àwọn ẹbí wá pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti dé tó ní, "Àlàájà, a gbọ́ pé Múfú... báwo ló ṣe jẹ́?", Àlàájà á ní, "Bàbá Bísí, fi hàn wọ́n." Bàbá mi á tan tẹlifíṣàn, wọ́n á yí kásẹ́ẹ̀tì síbi tí ọmọkùnrin náà ti ń gun irin, wọ́n á sì tún rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọkùnrin kan wà, ó lọ wá omi fún àwọn èèyàn ẹ̀. Àwọn àgbààgbà tó fi láwàní wé orí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa, wọ́n ń wo katapílà, wọ́n ń ṣe àmín. Títí dòní, àwọn kan wà nínú ẹbí yẹn tó gbà pé katapílà ló pa Múfú.

Lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, Àlàájà ní kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà. Èmi àti ìyá mi la lọ. Ọmọkùnrin tó ń fi fídíò ṣe háyà ti ń wá wa kiri. Ó ní, "Ìyá Bísí, ọjọ́ kan ni Àlàájà gbà á fún! Kí lẹ ń fi fíìmù kan ṣe látọjọ́ yìí?"

Ìyá mi ní, "Òkú la fi ń ṣe."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú wọn, kò rín in mọ́. Ó ṣí páálí, ó rí i pé a ò tiẹ̀ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ọgbọ̀n náírà ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́, ọjọ́ méje ni, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí òun ṣe é díẹ̀, òun á gbọ́. Mo dúró kí n gbọ́ bí ìyá mi ṣe máa fi ẹnu bó o láwọ. Obìnrin tó máa ń ná ọjà títí ọlọ́jà á fi bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n! Wọ́n tú etí ìró wọn, wọn ò ná an rárá, wọ́n sì kà á lé e lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan: igba náírà ó lé mẹ́wàá.